Moríkẹ́ tó ń fi aṣọ pe ọkọ̀ wálé

Ẹrẹ̀ ló pọ̀ jù létí òkun Abereke, ṣùgbọ́n Ọlọ́run fi ojú yanrìn líle kan síwájú ilé Moríkẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn apẹja ń gúnlẹ̀ sí. Bí ìgbì bá le, tí ọkọ̀ kan há sójú agbami, Moríkẹ́ á bọ́ síta, á máa ju aṣọ funfun rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, á sì ké sí gbogbo ará àdúgbò kí wọ́n wá bá òun pè é. Bí èrò bá ṣe pọ̀ tó létí omi ni ọkàn ẹni tó wà lójú òkun ṣe ń balẹ̀ tó. Ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ bómi lọ, kò sẹ́ni tó pè é. Láti ọjọ́ náà ni obìnrin yìí ti búra pé ọmọ ẹnikẹ́ni kò ní ṣìnà lójú òun mọ́.

Nígbà tí àwọn elépo rọ̀bì dé Molutehin tó wà nítòsí, bàálù kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í fò kọjá lórí Abereke, ó ń ṣọ́ páìpù epo. Ẹ́ńjìnnì kan péré ló ní, ariwo rẹ̀ sì ju ara rẹ̀ lọ. Moríkẹ́, tí kò mọ ẹni tí a kì í kí, ju aṣọ sí i. Bàálù mi apá ọ̀tún, ó mi tòsì. Ó di àṣà. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, ọ̀dọ́kùnrin kan wá ra ẹja gbígbẹ, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sórí yanrìn.

"Màmá, èmi ni mo máa ń mi apá bàálù sí yín. Ọláìtán lorúkọ mi, ará Ìlá ni mí."

Moríkẹ́ kò bí ọkùnrin. Kí n má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, ó sọ ọmọ ọlọ́mọ di tirẹ̀. Ẹja tó dára jù ló máa ń fi pamọ́ dè é. Nígbà kan, ó bi í pé kí ni yóò ṣe bí ẹ́ńjìnnì bá kú lókè.

"Kò ní já lulẹ̀ bí òkúta, Màmá. Apá rẹ̀ ni yóò máa gbé e bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ ibi tí mo bá yàn, mo ti yàn án nìyẹn, mi ò lè gòkè mọ́. Iwájú ilé yín yìí ni n ó balẹ̀ sí."

"Èmi náà á fi aṣọ pè ọ́ wálé, ọma mi."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti gbọ́. Ì bá má rẹ́rìn-ín, ì bá sọ ìyókù ọ̀rọ̀ fún un!

Àárọ̀ ọjọ́ kan tí ojú sánmà mọ́ kedere ni ohùn ẹ́ńjìnnì náà bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ó húkọ́, ó dákẹ́, ó tún húkọ́, ó wá dákẹ́ pátápátá. Moríkẹ́ ju àwo ẹja ọwọ́ rẹ̀ nù, ó fa aṣọ yọ.

"Dede yín, gbogbo yín, ẹ jáde o! Ọma mi ń bọ̀ o! Ẹ bá mi pè é!"

Abereke tú jáde, tọkùnrin tobìnrin tọmọdé. Wọ́n kún orí yanrìn bámúbámú, wọ́n ń ju aṣọ. Bàálù ń bọ̀ láìpariwo, ó ń rẹlẹ̀ sí i. Ọláìtán na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó ń jù ú kíkankíkan. Wọ́n rò pé ó ń dáhùn ni, inú wọn dùn, wọ́n tún sún síwájú. Moríkẹ́ ló ṣáájú wọn. Ó rí ojú ọmọ náà. Ìgbà náà ni bàálù yà sọ́nà òkun. Táyà rẹ̀ kan omi, ó sì ta òkìtì.

Kọ́lájọ, àbúrò ọkọ Moríkẹ́, àti àwọn apẹja sáré tukọ̀ lọ, wọ́n fa Ọláìtán yọ, wọ́n tẹ́ ẹ sórí yanrìn. Moríkẹ́ ká aṣọ rẹ̀ sábẹ́ orí rẹ̀.

"Màmá," ohùn rẹ̀ kò ju ti ìkókó lọ, "àwọn ọmọdé yẹn ńkọ́? Ṣé mi ò kọ lu ẹnikẹ́ni?"

"O ò kọ lu ẹnikẹ́ni, ọma mi."

Ó mí kanlẹ̀, ó sì kú.

Ọ̀gá rẹ̀ tó wá gbé òkú ló là á yé wọn pé ká ní yanrìn náà ṣófo ni, ọmọ náà ì bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde. Ọwọ́ tó ń jù, ẹ kúrò lọ́nà ló ń wí. Ọ̀gá náà kò bú ẹnikẹ́ni. Ì bá sàn fún Moríkẹ́ kó bú òun.

Ó ti darúgbó báyìí, ẹlòmíràn ló ń pe ọkọ̀ wálé. Hẹlikọ́pítà ni àwọn elépo ń gùn, kì í sì í bojú wo Abereke. Síbẹ̀, bí Moríkẹ́ bá ti gbọ́ ìró lókè, á fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀ jáde, á lé àwọn ọmọ tó ń ṣeré wọlé, á lé ewúrẹ́, á wọ́ àwọ̀n kúrò lójú yanrìn. Àwọn ọmọ á máa fi í ṣẹ̀rín. Ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣófo gbalasa ni yóò tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á ká aṣọ funfun náà mọ́ àyà, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i kó sáré jáde, á wá gbójú sókè.

"Ọ̀nà ti ṣófo, ọma mi. Máa bọ̀."