Ẹsẹ̀ Fákẹ́yẹ

Fákẹ́yẹ adẹ́mu já bọ́ lórí ọ̀pẹ ní Massè, ó sì ń tiro títí dòní. Ẹsẹ̀ yẹn ni Romaric ọmọ rẹ̀ fi ń jẹun: á tiro bíi bàbá rẹ̀ lórí ìtàgé, èrò á sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló sọ apanilẹ́rìn-ín di olóòtú tẹlifísọ̀n ní Cotonou. Ọmọ tí ojú kì í tì yìí tún gbé kámẹ́rà wálé, ó fẹ́ fọ̀rọ̀ wá bàbá lẹ́nu wò.

Fákẹ́yẹ bu ẹmu. Ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí àlejò lè mọ̀ pé kò sí májèlé níbẹ̀, kó tó gbé igbá fún ọmọ.

“Bàbá, tẹ́ ẹ bá ń wò mí pẹ̀lú àwọn ará àdúgbò, kí lẹ máa ń ṣe?”

“Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí ọkàn wọn lè balẹ̀.”

Romaric tẹrí ba. Ó gbé igbá ẹmu sílẹ̀, ó sì pa kámẹ́rà.