Wáyà Tẹ́ẹ́rẹ́ Tí Bàbá Mi Fọwọ́ Sí

Bàbá mi kì í ṣàṣìṣe. Ẹ bi hẹdimásítà èyíkéyìí tó ti fẹ̀yìntì, ohun tí yóò sọ nípa ara rẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n ti bàbá mi tún lé kenkà. Bí wọ́n bá kọsẹ̀ lára àga, àga ni kò mọ ibi tó yẹ kó dúró sí. Bí wọ́n bá sì ṣìnà, wọ́n á ní ìjọba ló tún gbé ojú ọ̀nà lọ síbòmíràn láìsọ fáráàlú. Ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti ń gbọ́ ọ, mi ò tíì gbọ́ ọ sú.

Wọ́n ní jíìpù àtijọ́ kan tó dàgbà ju èmi àbíkẹ́yìn wọn lọ. Iwájú rẹ̀ ni wíǹṣì wà, ìyẹn irin róbótó tí wọ́n wé okùn irin mọ́, tí mọ́tọ̀ kékeré kan ń fi iná bátìrì yí. Bí ọkọ̀ bá rì sẹ́rẹ̀, wàá fa okùn irin náà jáde, wàá so ó mọ́ ìdí igi, wàá tẹ bọ́tìnnì. Wíǹṣì á máa wé okùn padà díẹ̀díẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi fa ara rẹ̀ jáde. Oko kòkó bàbá mi wà lẹ́yìn Ìpógun, odò kékeré kan sì dábùú ọ̀nà ibẹ̀. Lásìkò òjò, ẹni tí kò bá ní wíǹṣì, kó yáa jókòó sílé.

Lọ́dún tó kọjá, ó rẹ wíǹṣì. Ó kùn, ó kùn, ó dákẹ́. Bàbá mi, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, jókòó sínú jíìpù láàárín ẹrẹ̀ láti ọ̀sán títí oòrùn fi ń wọ̀. Fóònù wà lápò wọn, owó sì wà lórí fóònù, wọn ò pe ẹnì kankan. Àwọn tó ń toko bọ̀ rí wọn, wọ́n ní, "Bàbá, ṣé kò sí?" Bàbá mi ní kò sí nǹkan kan o, pé àwọn kàn ń gba atẹ́gùn ni. Àwọn ará oko yẹn ló dọ́gbọ́n pè wá.

Ẹ̀gbọ́n wa àgbà, tí í ṣe nọ́ọ̀sì, fara ya. Ó ní ká ta jíìpù náà fún àwọn tó ń ra ògbólógbòó irin. Ẹ gbọ́ o, títa ọkọ̀ yẹn, títa oko ni. Orúnkún bàbá mi ò gba ọ̀kadà mọ́, ọkọ̀ mìíràn kì í sì í dé ibẹ̀. Wọ́n á kàn jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Arákàlé ni, kí wọ́n máa ka ọkọ̀ tó ń kọjá. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ, wọn ò jẹun alẹ́. La bá fẹnu kò lórí Wáàsáàpù: bí wọ́n bá tún wíǹṣì ṣe, tó sì fa jíìpù jáde nínú odò níṣojú ẹ̀gbọ́n wa, ọkọ̀ dúró. Bí kò bá fà á, ọkọ̀ ń lọ. Èmi ni wọ́n sì ní kí n bá wọn wá ẹni tí yóò tún un ṣe.

Rìwáyà, àwọn tó ń ṣe iná ọkọ̀, pọ̀ ní Àkúrẹ́ lọ súà. Bàbá mi ní kò sí èyí tó máa fọwọ́ kan jíìpù àwọn nínú wọn. Oǹdó là ń lọ. Ìyá mi, ọmọ bíbí Àkúrẹ́, gbé ojú sókè nídìí ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń já.

"Ẹ̀yin ará Oǹdó yìí náà! Iná mànàmáná ọ̀hún, ṣé ulé yín ni wọ́n bí i sí ni?"

"A ò bí i sílé wa," bàbá mi dáhùn, "ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wa ló ti kàwé."

Nígbà tí a dé Oǹdó ni mo tó mọ ìdí tí wọ́n fi yan ibẹ̀. Rìwáyà náà ti hu ewú, ṣùgbọ́n bàbá mi ló kọ́ ọ ní praímárì. Bí ó ti rí wọn tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, ó ju sípánà sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tí ọ́ìlì ti sọ di dúdú. Ó dìde, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ó jù mí lọ, ṣùgbọ́n kò gbà kí n pe òun ní ẹ̀gbọ́n. Ọmọ ọ̀gá ni mo jẹ́ sí i, "àǹtí" ló ń pè mí.

Ó tú wíǹṣì wò. Mọ́tọ̀ rẹ̀ ti jóná. Ó wá òmíràn tó tóbi tó méjì ti tẹ́lẹ̀, ó ní èyí á fa jíìpù bí ẹni fa ewúrẹ́. Nígbà náà ló mú wáyà tó ń gbé iná láti ìdí bátìrì lọ sídìí wíǹṣì. Wáyà náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ti gan. Ó yí i lọ́wọ́, ó họrí.

"Sà, wáyà yìí..."

"Kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan, sà. Pé mọ́tọ̀ tó tóbi, ó máa ń gba iná gan-an ni..."

"Wáyà tó bá ọkọ̀ yìí wá látilẹ̀ nìyẹn. Kọ́pà gidi ni! Irú rẹ̀ ò sí lọ́jà mọ́. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà."

Mo gbé ẹ̀rín mì. Àkísà gan-an ni wáyà ọ̀hún.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni rìwáyà wí, ó sì da wáyà náà padà síbi tó wà.

Nígbà tí bàbá mi lọ kí aládùúgbò kan, mo sún mọ́ ọn, mo bi í léèrè. Ó ní, "Àǹtí, ẹni tó ń gba ojú abẹ́rẹ́ da epo sí kẹ́ẹ̀gì ni. Mọ́tọ̀ á máa fa iná púpọ̀, wáyà ò ní í gbà á. Á gbóná, á sì yọ́."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Kí n máa kọ́ hẹdimásítà mi níwèé? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ wọn ńkọ́?"

Òùngbẹ dédé ń gbẹ mí. Mo lọ wá omi tútù rà.

A dán an wò lójú ọ̀nà níbẹ̀, láìso ó mọ́ nǹkan kan, ó ń yí fìrìfìrì. Bàbá mi pàtẹ́wọ́. Láti Oǹdó títí a fi dé Àkúrẹ́, "Ṣó o rí i?" ni wọ́n ń bi mí, "Mo rí i, sà" ni mo sì ń dá wọn lóhùn.

Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀gbọ́n wa dé sétí odò pẹ̀lú bàtà òjò àti ojú ẹni tó wá ṣọ́ ìdánwò. Bàbá mi mọ̀ọ́mọ̀ wa jíìpù sínú ẹrẹ̀, ó rì. Mo so okùn irin mọ́ ìdí igi obì kan, wọ́n tẹ bọ́tìnnì. Jíìpù mira. Ó rìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ó rìn tó méjì. Bàbá mi yọrí lójú fèrèsé, wọ́n ń wo ẹ̀gbọ́n wa bí ẹni tó fẹ́ gba àmì-ẹ̀yẹ. Àfi bí rọ́bà ṣe ń rùn! Èéfín yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ara wáyà ń yọ́ bí òrí. Mo fi aṣọ tútù já wáyà náà kúrò lórí bátìrì, gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́ láàárín odò.

Katakata oko ẹnìkan nítòsí ló padà fà wá jáde. Ẹ̀gbọ́n wa kò pariwo, ó kàn ní òun á pe ẹni tó fẹ́ ra jíìpù kó wá gbé e lọ́jọ́ Ajé. Bàbá mi ṣí fìlà, wọ́n gbé e lé orúnkún títí a fi délé. Àánú wọn ṣe mí. Inú sì bí mi sí ara mi, torí mo mọ̀, mo sì fẹnu mi mu omi tútù. Mo pe rìwáyà lórí fóònù, mo sọ fún un. Ó ní, "Mo ń bọ̀ lọ́la."

Ó dé sí Arákàlé lẹ́yìn ìsìn, pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn àti àpò kan ní èjìká. Kò tíì jókòó tó fi dọ̀bálẹ̀ níṣojú gbogbo wa.

"Ẹ̀bi mi ni, sà. Èmi ni mo gbàgbé láti pààrọ̀ wáyà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

Ọ̀nà ti là fún bàbá mi. Kí wọ́n kàn ní "Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́," ọ̀rọ̀ parí. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n nawọ́ sínú àpò náà, wọ́n fa wáyà tó wà níbẹ̀ jáde. Ó ki tó ìka ọwọ́. Rìwáyà ti gé e ní ìwọ̀n tó bá jíìpù mu, ó sì ti de irin mọ́ ọn lórí nídìí.

"Ọjọ́ wo lo gé èyí?"

"Ọjọ́ tí ẹ wá, sà. Bí ẹ ṣe lọ tán."

"O ti mọ̀ nígbà yẹn pé tàtijọ́ máa jó."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá mi wo wáyà náà títí. "Dìde," ni wọ́n wí. "O ò gbàgbé nǹkan kan. Èmi ni mi ò jẹ́ kó o sọ̀rọ̀. Àṣìṣe mi ni."

Ìyá mi gbé àwo tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi wò mí.

"Mi ò mọ ìdí tí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ fi ń gbóná," bàbá mi ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Jókòó, kó o ṣàlàyé ẹ̀ fún mi."

Rìwáyà jókòó sétí àga báyìí, ó rọra sọ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àti kẹ́ẹ̀gì fún wọn. Ibi tí kò yé wọn, wọ́n ní kó tún un sọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jọ jáde lọ sídìí jíìpù. Láti fèrèsé, mo gbọ́ tí bàbá mi ń bèèrè bóyá bí àwọn ṣe di wáyà mú dáa. Rìwáyà ní, "Rárá, sà. Ẹ sún ọwọ́ sókè díẹ̀." Wọ́n sì sún un.

Ẹ̀gbọ́n mi mú fóònù, ó pe ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀, ó ní kó má wulẹ̀ wá mọ́.

"Àmọ́ wíǹṣì ọ̀hún ò tíì fa nǹkan kan," ni mo wí.

"Wíǹṣì kọ́," ẹ̀gbọ́n mi dáhùn, ojú ẹ̀ kún fómi. "Bàbá tí yóò há sínú ẹrẹ̀, tí kò ní í lè sọ fẹ́nì kankan pé òun há, òun ló ń bà mí lẹ́rù. Wọ́n ti lè sọ ọ́ báyìí. Jẹ́ kí wọ́n máa lọ sóko wọn."