Igi Tó Fẹ́ Gba Físà

Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ tí mo dé etí aṣálẹ̀ Mòrókò. Èmi tí mo ti ń ya fọ́tò ọmọ jòjòló àti ìyàwó tuntun láti Woolwich dé Thamesmead nílùú Òyìnbó, èmi ni wọ́n ní kí n wá ya igi. Ilé-iṣẹ́ kan tó máa ń gbé àwòrán ńlá kọ́ sára ògiri hòtẹ́ẹ̀lì ló rán mi. Àárọ̀ méjì péré ni wọ́n fún mi. Bí àwòrán kan bá wọ̀ wọ́n lójú, iṣẹ́ aṣálẹ̀ wọn yòókù di tèmi. Bí kò bá wọ̀ wọ́n lójú, kí n máa bá ọmọ jòjòló lọ. Mo fẹ́ràn ọmọ jòjòló o, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ọkàn mi ti wà lọ́dọ̀ igi.

Bràímọ̀, awakọ̀ tó ń mú àlejò rin aṣálẹ̀, ló gbé mi lọ ní ìdájí. Òkùnkùn ò tíì ká, òtútù sì mú mi bíi pé mo ń dúró de bọ́ọ̀sì ní Plumstead. Igi ẹlẹ́gùn-ún kan ṣoṣo ló dá dúró láàárín iyanrìn, ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí àgbàlagbà tó ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bí oòrùn ṣe yọ, iyanrìn pọ́n bí epo. Mo gbé kámẹ́rà ka orí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo kọ ẹ̀yìn sí oòrùn kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sójú igi dáadáa, mo sì ń yà á láì sinmi.

Bràímọ̀ gbé ife wá. "Ẹ mu tíì."

"Ẹ jọ̀ọ́, oòrùn ò ní dúró dè mí."

"Tíì náà ò ní dúró," ó ní, ó sì mu ún fúnra rẹ̀.

Òótọ́ ni mo sọ. Ìmọ́lẹ̀ ìdájí kì í pẹ́ rárá. Kí oòrùn gòkè díẹ̀ báyìí, gbogbo nǹkan á funfun, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti parí nìyẹn. Mo padà sílé àlejò, mo fi àwọn àwòrán náà ránṣẹ́ sí Auntie Bísí, ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ní sítúdíò rẹ̀ lẹ́bàá Powis Street. Òfin àkọ́kọ́ tó kọ́ mi ni pé àwọn oníbàárà wa ò fẹ́ òjìji lójú. Bí òjìji bá bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Mummy kan pẹ́nrẹ́n, á ní o ti sọ òun di arúgbó, o sì ti sọ òun di dúdú ju bí Ọlọ́run ṣe dá òun lọ. Nítorí náà, iná lọ́tùn-ún, iná lósì, fíláàṣì níwájú, kí ojú máa dán. Bí mo ṣe ń ṣe é láti ọdún pípẹ́ nìyẹn.

Fóònù dún.

"Tóyìn, mo ti rí àwọn picture yẹn."

"Auntie, ẹ ò rí i bó ṣe clear?"

"Ó clear. Ó clear bíi passport photograph. Ṣé igi yẹn fẹ́ gba visa ni?"

Mo kọ́kọ́ bínú. Lẹ́yìn náà ni mo tún un wò. Igi náà dojú kọ mí gbọnrangandan, kò sí òjìji kankan lára rẹ̀, ó rí pẹlẹbẹ bí ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ bébà. Àárọ̀ kan ti lọ lásán.

"Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n má fi òjìji sílẹ̀, Auntie."

"Èmi ni. Customer ló ń bẹ̀rù shadow, torí wọ́n fẹ́ gbé e sórí status. Igi ò ní status. Lọ sí òdìkejì lọ́la, jẹ́ kí oòrùn kọjú sí ẹ."

Lọ́jọ́ kejì mo gba òdìkejì igi náà lọ. Ẹ̀rù ń bà mí, nítorí gbogbo ohun tí ọwọ́ mi ti mọ̀ ló ń sọ fún mi pé mo ti ṣìnà. Ìkùukùu kan tiẹ̀ tún wá dúró sójú oòrùn, ni mo bá ń pe Jésù lábẹ́lẹ̀. Ó pẹ́ kó tó yẹ̀. Nígbà tó yẹ̀, ìmọ́lẹ̀ gba àárín ẹ̀gún kọjá, etí ewé kọ̀ọ̀kan ń tàn, òjìji igi náà sì nà gbọọrọ lórí iyanrìn títí dé ẹsẹ̀ mi. Mo rí àwọn ẹ̀ka tí mi ò rí lánàá. Mo yà á, mo pariwo, mo tún yà á. Láyé mi, mi ò tíì gbádùn iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo fi àwòrán ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ náà, n ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ń wo fóònù bí ẹni tó ń retí àbájáde ìdánwò. Ní Sátidé kan, lẹ́yìn tí mo ti padà sílé, mo ń ya ìsọmọlórúkọ ní fúláàtì kan ní Thamesmead. Pásítọ̀ ti gbé ọmọ sókè, ó ń gbàdúrà, gbogbo èèyàn ti dijú àfi èmi, torí ayàwòrán kì í dijú lẹ́nu iṣẹ́. Fóònù gbọ̀n lápò mi, mo sì yọ ọ́ wò. Ilé-iṣẹ́ náà kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ti mú àwòrán igi mi, wọ́n sì ń béèrè bóyá mo lè lọ sí aṣálẹ̀ Nàmíbíà. Mi ò mọ ìgbà tí mo ké pé, "Olúwa, o ṣeun!"

"Àmín," gbogbo ilé dáhùn.

Pásítọ̀ la ojú kan. "Sister, kí ni Olúwa ṣe?"

"Wọ́n ti mú igi mi, sir."

Kò sẹ́ni tó mọ igi tí mo ń wí, ṣùgbọ́n Àmín ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn ròkè ju ti àkọ́kọ́ lọ.