Àgbà Ló Ń Sọ̀rọ̀ Kẹ́yìn

Ní ilé bàbá mi l'Abẹ́òkúta, bí ẹjọ́ bá délẹ̀, ọmọdé ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tó kéré jù á sọ tirẹ̀, ẹni tó jù ú lọ á tẹ̀ lé e, títí yóò fi kan àgbà. Bí àgbà bá kọ́kọ́ lanu, ta ni yóò tún láyà láti sọ ohun tó yàtọ̀? Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn.

Ọkọ mi jù mí lọ dáadáa, ṣùgbọ́n èmi ló máa ń fi sí ìkẹyìn. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ìdìbò, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Bí àwọn àlejò bá ti sọ tẹnu wọn tán, á yí ohùn rédíò sílẹ̀, á wá kọjú sí mi. "Ìyàwó, ìwọ ńkọ́?" Kò sí ẹni tó jẹ́ dìde kí n tó dáhùn.

Ó ti kú. Dallas ni mo wà báyìí, nílé ọmọ mi obìnrin, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣèjọba.

Ọ̀sán Sátidé ni àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ọmọ mi máa ń wá. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Irving, èkejì jẹ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n á tan tẹlifíṣàn, wọ́n á da ẹ̀pà sínú abọ́, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún Amẹ́ríkà tò. Bó bá di ọ̀rọ̀ ìbọn, ọkọ ọmọ mi á ní kí olúkúlùkù ra tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì á ní kó wá síbi iṣẹ́ òun wá wo ohun tí ìbọn ń fi ara èèyàn ṣe. Ṣùgbọ́n bó bá kan àwọn tó ń gbé ìlú láìní ìwé, ọkọ ọmọ mi á fò dìde: "Kí wọ́n kó gbogbo wọn padà! Òfin lòfin ń jẹ́!"

Èmi á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, màá máa retí kó kàn mí. Kì í kàn mí. Ọ̀gá ilé-ìwé ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, ẹ̀kọ́ nípa ìjọba sì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Lọ́jọ́ tí mo bi ọkọ ọmọ mi bóyá ó ti ka òfin tó ń pariwo rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín: "Mọ́mì, ẹ fi Amẹ́ríkà sílẹ̀ fún wa. Kì í ṣe kíláàsì yín lèyí." Mi ò gbàgbé. N kò sì ní gbàgbé.

Nítorí náà, nígbà tí kóòtù ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá fún júrì, ńṣe ni mo dúpẹ́. Júrì ni àwọn ará ìlú tí wọ́n ń ṣà jọ láti gbọ́ ẹjọ́, kí wọ́n sì dá a. Mo ti di ọmọ Amẹ́ríkà nígbà yẹn.

Ọmọ mi ní, "Mọ́mì, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti dàgbà. Wọ́n á fi yín sílẹ̀."

"Torí pé mo ti dàgbà ni wọ́n ṣe nílò mi."

Ọkọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín láti yàrá ìdáná. "Jẹ́ kí wọ́n lọ jàre. Wọ́n á ní kí ọ̀daràn dọ̀bálẹ̀, wọ́n á gbàdúrà fún un, wọ́n á ní kó máa lọ sílé."

Mo wọ ìró àti bùbá aláró, ọmọ mi sì fi mọ́tò gbé mi lọ. Ní kóòtù, a gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ló pe ara wọn lẹ́jọ́ nítorí ilé tí ìyá wọn fi sílẹ̀. Inú mi dùn. Inú irú ẹjọ́ yìí ni mo dàgbà sí. Mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ mọ̀: ta ló fọ aṣọ ìyá nígbà àìsàn, ta ló sì dé lẹ́yìn tí wọ́n sin ín?

Kí wọ́n tó yan ẹnikẹ́ni, lọ́yà kan dúró níwájú gbogbo wa, ó ní kí a sọ èrò wa: ṣé ó yẹ kí ọmọ ìyá máa bá ara wọn dé kóòtù? Ọwọ́ ń lọ sókè. Ọmọkùnrin onírun pupa kan sọ̀rọ̀, ọkùnrin kan tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù sọ̀rọ̀. Mo ká ọwọ́ mi. Gbogbo wọn ni mo dàgbà jù lọ, ipò mi kò tíì kàn. Nígbà tó yá, lọ́yà wò mí, ó béèrè bóyá ó ku ẹnikẹ́ni. Obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí kò tíì sọ̀rọ̀. Mo fi orí ṣe àmì sí i pé kó máa sọ tirẹ̀. Obìnrin náà mi orí pé òun kò ní nǹkan kan láti sọ. Kí n tó yíjú padà, lọ́yà ti dúpẹ́, ó ti jókòó.

Wọn kò yàn mí. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ kóòtù kan tọ̀ mí wá. Ó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń pariwo bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀, ó ní bóyá nígbà mìíràn màá fẹ́ ògbufọ̀. Èmi tí mo ti ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni kí wọ́n tó bí i!

A ti ń padà sílé lórí firíwéè, ọ̀nà márosẹ̀ wọn, ọmọ mi ń bi mí bó ṣe lọ. Ojú ọkọ mi ni mò ń rí, bó ṣe máa ń yí rédíò sílẹ̀. Òun ì bá dúró dè mí.

Ní Sátidé, ọkọ ọmọ mi fi mí ṣẹ̀fẹ̀ níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Adájọ́ àgbà! Ẹ̀wọ̀n ọdún mélòó lẹ dá?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí wọ́n tan tẹlifíṣàn, tí ó tún fò dìde: "Kí wọ́n kó gbogbo wọn—"

N kò dúró kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ìwọ ńkọ́?" ni mo wí. "Nígbà tí físà rẹ kú, tí o ń fi orúkọ ẹlòmíràn kó páálí nílé ìkẹ́rù kan ní Coppell, tí ọmọ mi kì í lè jẹun títí o fi máa wọlé, ṣé kí wọ́n ti kó ìwọ náà padà ni?"

Nọ́ọ̀sì dá ẹ̀pà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà sínú abọ́. Ọkọ ọmọ mi jókòó, ó sì yí ohùn tẹlifíṣàn sílẹ̀.

"Mọ́mì," ó ní, "ti ìgbà yẹn..."

Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní, "Ẹ máa bá a lọ, mà. A ń gbọ́."

Mo bá a lọ. Mo ní òfin tí kò bá bi èèyàn léèrè ibi tó ti ń bọ̀, pàṣán ni. Wọ́n gbọ́ mi tán. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi tiwọn lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, bí a ṣe ń ṣe lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọmọdé, wọ́n sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ohùn tẹlifíṣàn ṣì wà nílẹ̀. Mo ti sọ tèmi. Síbẹ̀ mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mò ń retí ẹni tí yóò kọjú sí mi.