Ọjọ́ Tí Àlàó Fa Àjíkẹ́ Fọ́kọ

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Àlàó fi wa kámíọ̀n láàárín Kútọnu àti Párákú, kò sì sí ohun tí à ń pè ní ẹrù tí kò gbé rí. Ó gbé òwú, ó gbé sìmẹ́ńtì, ó gbé màlúù tí kò fẹ́ kí wọ́n gbé òun lọ ibì kankan. Ìgbàkígbà tó bá sì yà sí Ṣábẹ̀ẹ́, ìlú rẹ̀, pé kó bọ́jú, kó jẹun lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, àwọn ìbátan ti tò sí ẹ̀gbẹ́ táyà pẹ̀lú àpò gbàgúdá, apẹ̀rẹ̀ ata, àti ewúrẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹbí ní Bọ̀hìkọ̀n. "Àlàó, ọkọ̀ rẹ mà tóbi. Bá wa fi èyí há kọ̀rọ̀ kan." Kọ̀rọ̀ kan ọ̀hún kì í tán. Bẹ́ẹ̀ a kì í bá ẹbí ẹni ṣe agídí, Àlàó á sì bá wọn fi í há a.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, gbogbo ẹbí ló ti gbà pé yóò ra ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan. Wọ́n tilẹ̀ ti ń jà lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ lò ó. Àlàó lọ sí Kútọnu, ó wọ ọgbà tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ tó ti òkè òkun dé, ó sì ra èyí tí ẹnikẹ́ni kò rò. Ọkọ̀ pupa, ìjókòó méjì péré, òrùlé aláṣọ tí à ń ká sẹ́yìn, ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún eré àti ìgbádùn, tó fúyẹ́ débi pé ọkùnrin mẹ́rin lè gbé e kúrò nínú ẹrẹ̀. Ibi ìkẹ́rùsí rẹ̀ gba ẹní ìkírun àti búútà àlùwàlá. Bí búútà bá tóbi díẹ̀ sí i, ẹní á jáde. Lọ́jọ́ tó wà á wọ ìlú, àwọn àgbà tó ń ta ayò lẹ́bàá títì dìde, wọ́n wò ó níwájú, wọ́n wò ó lẹ́yìn, ọ̀kan nínú wọn sì rọra bi í pé, "Àlàó, ìyókù ńkọ́?"

Àlàó rẹ́rìn-ín. Ó ti rí ohun tó ń wá: ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ẹrù lọ̀ ọ́. Ó sọ ọ́ ní Àjíkẹ́, nítorí àràárọ̀ ló ń jí kẹ́ ẹ, pẹ̀lú àkísà mímọ́ àti omi tí kò ní iyanrìn. Ará ìlú ní tiwọn ń pè é ní bàtà Àlàó.

Sakinatou, ìyàwó rẹ̀, kò pè é ní orúkọ kankan. Oko rẹ̀ wà ní Boni, ibẹ̀ ló ti ń wa iṣu tó ń tà, orí zémì, àwọn alùpùpù akérò yẹn, ni iṣu náà sì fi ń wálé. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọkọ̀ dé tó fi ní kí Àlàó bá òun gbé iṣu mẹ́wàá péré. Àlàó kọ̀. "Sakinatou, bí iṣu bá wọ inú ọkọ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan, gbogbo iṣu Ṣábẹ̀ẹ́ ló máa tẹ̀lé e. Ìwọ wọlé, màá gbé ọ. Iṣu kọ́." Sakinatou ní ibi tí iṣu òun kò bá lè jókòó sí, òun náà kò ní jókòó síbẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni ọ̀rọ̀ fi wà bẹ́ẹ̀. Wọ́n á pàdé lójú ọ̀nà, ìyàwó lórí zémì pẹ̀lú iṣu lórí itan, ọkọ nínú Àjíkẹ́ pẹ̀lú ìjókòó òfìfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àlàó á fun fèrè kí i. Sakinatou á kọjú sí igbó bí ẹni tó ń wá ewé.

Orúnkún ló dá wàhálà sílẹ̀. Àlàó ti pé ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, ọkọ̀ náà sì lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó wà nínú rẹ̀ fi ń bá ewúrẹ́ wo ara wọn lójú. Wíwọlé kò nira. Ẹni tó bá ti lè ṣubú ti wọlé nìyẹn. Jíjáde ni iṣẹ́. Ọgbọ́n tí Àlàó dá ni pé kó ṣílẹ̀kùn, kó fi ọwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀, kó wọ́ ara jáde ní ìdọ̀bálẹ̀, kó tó wá máa dìde díẹ̀díẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sí níwájú ilẹ̀kùn, kò burú. Ó máa ń wo ọ̀tún, wo òsì, kó tó ṣe é.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, kò wò ó dáadáa. Abdoulaye, tó fẹ́ Moufidatou ọmọ Àlàó, rí ọkọ̀ àna rẹ̀ níwájú mọ́ṣáláṣí, ó sì sáré wá kí i. Ìgbà tó máa dé ẹnu ilẹ̀kùn, Àlàó ti wà nílẹ̀ gbalaja, àyà nínú eruku, níwájú bàtà ọkọ ọmọ rẹ̀. Bàbá ìyàwó ló dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ ọmọ. Jìnnìjìnnì bo Abdoulaye. Kò mọ ohun tó tún yẹ kó ṣe ju pé kí òun náà gbé ara lulẹ̀, kó sì gbìyànjú láti lọ sílẹ̀ ju Àlàó lọ. Bí Àlàó bá gbórí sókè kó lè dìde, Abdoulaye á tún fi tirẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i, kò sì sí àyè tí Àlàó yóò fi orúnkún sí. Àwọn méjèèjì wà níbẹ̀, imú ko imú, títí wọ́n fi kírun tán nínú mọ́ṣáláṣí, tí àwọn èèyàn fi ń ré wọn kọjá. "Ẹ káàsán, Bàbá," ni Abdoulaye ń wí ṣáá, ẹnu nínú iyanrìn.

Kí oòrùn tó wọ̀, kò sí agbo ilé tí kò tíì gbọ́. Awawou, ẹ̀gbọ́n Àlàó lóbìnrin, tí ahọ́n rẹ̀ kì í gba ìsinmi, dé láìkan ilẹ̀kùn. "Bachirou," ó ní, nítorí òun nìkan ló kù tó ń pe orúkọ yẹn, "Abdoulaye ti ṣe sàárà nítorí ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ta nǹkan yìí, kí o tó dọ̀bálẹ̀ fún ajá mi."

Ó dun Àlàó wọ egungun. Nínú kámíọ̀n, ọ̀gá ló ni ọkọ̀, ẹrù ló ni àyè, òun wulẹ̀ ń wà á ni. Nínú Àjíkẹ́ nìkan ló ti ń lọ síbì kan láìgbé nǹkan ẹnikẹ́ni lọ. Ṣùgbọ́n orúnkún kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ó gbà láti tà á, ó sì fi ara rẹ̀ búra pé òun kò ní tà á fún ẹni tí yóò sọ ọ́ di ọkọ̀ ẹrù.

Hervé, oníṣòwò kan láti Ofè, ló kọ́kọ́ wá. Kò wo ẹ́ńjìnnì, kò béèrè ìwé ọkọ̀. Ó ṣí ibi ìkẹ́rùsí, ó fi igbápá wọ̀n ọ́n, ó ní, "Bàbá, bí a bá yọ ìjókòó kejì, tí a sì gé òrùlé yìí, ṣé ẹ rò pé yóò gba apẹ̀rẹ̀ tòmátì mẹ́fà?" Àlàó pa ìdérí náà dé. Díẹ̀ ló kù kí ìka Hervé wà nínú rẹ̀. Ẹnì kejì fẹ́ máa fi kó adìẹ. Ẹnì kẹta béèrè bóyá a lè so ọmọlanke mọ́ ọn lẹ́yìn, Àlàó wọlé lọ.

Lẹ́yìn náà ni Chimène dé. Olùkọ́ ni, ará Pọ̀bẹ̀, ìjọba ló rán an wá kọ́ àwọn ọmọ ní Sakin. Ó kúnlẹ̀ kí Àlàó, ó yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀kan, kò fọwọ́ kan ìdérí ẹ̀yìn.

"Bàbá," ó ní, "báwo ló ṣe máa ń ṣe ní àárọ̀ tí òtútù bá mú?"

Àlàó wò ó. Láti ọdún mẹ́sàn-án, kò sí ẹni tó bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ó jókòó, ó sì sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko: bó ṣe máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì nígbà ọyẹ́ kó tó dáhùn, bí kò ṣe fẹ́ kí wọ́n fi ipá yí òun, bó ṣe máa ń kọrin bó bá rí títì tó dán lọ́nà Párákú. Chimène kò wo aago.

"Kí lo máa kó sínú rẹ̀?" Àlàó bi í.

"Èmi nìkan, Bàbá. Àti ìwé àwọn ọmọ."

Àlàó ní ìwé kì í ṣe ẹrù.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àlàó ní rárá. Ẹnìkan kì í wọ́ ọmọ olọ́mọ lọ bí ẹní ra adìẹ lọ́jà. Kí Chimène lọ mú àgbà kan wá, kó wá tọrọ Àjíkẹ́ lọ́wọ́ ẹbí. Sakinatou, tó ń bẹ iṣu lẹ́bàá ààrò, sọ̀rọ̀ láìgbójú sókè. "Bàbá Moufidatou, lọ́jọ́ tí wọ́n wá tọrọ Moufidatou, Párákú lẹ wà, ẹ ń já sìmẹ́ńtì."

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, Chimène dé pẹ̀lú ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, Romuald, tí òun náà jẹ́ ará Pọ̀bẹ̀. Wọ́n gbé obì, oyin àti iyọ̀ wá, pẹ̀lú owó ọkọ̀. Àjíkẹ́ wà lábẹ́ igi, aṣọ funfun bò ó lórí. Awawou, tó ti ní ọ̀rọ̀ wèrè ni, ti wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù lọ, ó sì gba ipò agbẹnusọ ẹbí láìjẹ́ pé ẹnìkan yàn án.

"Kí lẹ wá ṣe nílé wa?"

"Ọmọ pupa kan la rí," ni Romuald wí, ojú ń tì í díẹ̀.

"Ṣé kò sí wèrè nínú ẹbí yín?"

"Mama, bí kò bá sí tẹ́lẹ̀, ó ti wà lónìí."

Awawou gbà bẹ́ẹ̀. Ó kán oyin sí Àjíkẹ́ níwájú, ó wúre fún un pé kò ní ya àgàn, kó tó rántí pé ọkọ̀ ni, ó sì yí i padà sí pé táyà rẹ̀ kò ní jò. Lẹ́yìn náà ló wo ilẹ̀ yíká. "Iṣu dà? A kì í fẹ́ ìyàwó láìsí iṣu."

Omi ti ń yí lójú Àlàó, kò sì fẹ́ kó ṣubú níwájú àlejò. Ohun tó ń wá nígbà yẹn ni kí ètò náà tètè parí. "Ẹ̀gbọ́n, oṣù karùn-ún la wà yìí, iṣu tuntun kò tíì jáde. Kó mú un wá nígbà tó bá jáde."

"Ogójì."

"Ogójì náà ni," Àlàó wí. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ Chimène, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ìka rẹ̀ dé, ó ní kó búra pé kò ní fi Àjíkẹ́ ru ẹrù ọjà láéláé. Chimène búra. Ọkọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dáhùn, ó sì lọ. Àlàó sunkún lójú gbogbo wọn. Awawou náà sunkún, kò sì mọ ìdí.

Oṣù mẹ́ta tó tẹ̀lé e kò dára fún un. Àràárọ̀ ló ń jáde pẹ̀lú àkísà mímọ́ lọ́wọ́, tí kò rí ohun tí yóò nù. Ó nu àga, ó nu ìkòkò omi, ó nu ewúrẹ́ kan títí ewúrẹ́ náà fi sá lọ sílé aládùúgbò. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá jókòó pẹ́ tó láti gbọ́.

Ní oṣù kẹjọ, iṣu tuntun jáde. Àlàó jókòó sẹ́nu ọ̀nà nígbà tó gbọ́ ohùn tó mọ̀ lórí òkè. Ó dìde kíákíá ju bí orúnkún ti fẹ́. Àjíkẹ́ ló ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ àpáta, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ ń wo sánmà, ìdí rẹ̀ ń gbálẹ̀. Iṣu wà lẹ́yìn, iṣu wà lábẹ́ òrùlé, iṣu jókòó sórí ìjókòó kejì, wọ́n fi bẹ́líìtì dè é.

Chimène sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Kí lo búra fún mi?" ni Àlàó bi í.

"Bàbá, ẹ ní n kò gbọdọ̀ fi ru ẹrù ọjà. Èyí kì í ṣe ẹrù ọjà. Iṣu àna ni. Ẹ̀yin lẹ ní kí n mú un wá. Mo wá ọkọ̀ míì ní Sakin títí, n kò rí."

Ta ló máa lé iṣu àna padà ní Ṣábẹ̀ẹ́, tí yóò sì tún máa gbé ibẹ̀? Awawou ti dé, ó ti ń kó iṣu sílẹ̀, ó ń kà á. Ogójì pé. Ó ní ọmọ tó mọ̀wà ni, àti pé a kì í jẹ́ kí àna padà lọ́wọ́ òfo; kí wọ́n fún un ní mẹ́wàá lọ.

Chimène bẹ̀rẹ̀ sí í ju mẹ́wàá náà sẹ́yìn ọkọ̀. Àlàó wò ó títí, kò lè fara dà á mọ́.

"Gbé e sílẹ̀. Ṣé bí wọ́n ṣe ń di ẹrù nìyẹn? Ẹ̀yìn lo kó gbogbo rẹ̀ sí, kí ni kò ní jẹ́ kó máa wo sánmà?" Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tẹ́ àwọn iṣu ńlá sílẹ̀ níwájú ìjókòó kejì, ó fi kékeré sẹ́yìn, ó fi àkísà rẹ̀ há àárín wọn kí wọ́n má baà yí. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe é fúnra rẹ̀. Nígbà tí Chimène gun òkè náà lọ, Àjíkẹ́ dúró dọ́gba, ó sì ń kọrin. Inú Àlàó dùn gan-an, ojú sì ń tì í pé inú òun dùn.

Sakinatou ti wà lẹ́yìn rẹ̀ tipẹ́. "Ó gbé e," ó ní.

"Ó gbé e."

"Ṣé ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó lè gbé e?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu Àlàó, ó ti fẹ́ẹ̀ jáde. Ó wo iṣu tó kù nílẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀. "Mo mọ̀," ó ní. "Láti ọjọ́ tí mo ti rà á."

Sakinatou ṣa iṣu mẹ́rin tó tóbi, ó tò wọ́n lé ọkọ rẹ̀ lápá, ó wò ó díẹ̀, ó sì fi ìkarùn-ún lé e. Ọgbọ̀n iṣu ló wà nílẹ̀, àká sì wà ní òpin àgbàlá. Àlàó lọ, ó bọ̀, lẹ́ẹ̀mẹfà, kò sì sọ pé orúnkún ń dun òun.