Iṣu Inú Ọgbà Òdòdó Ìjọba

Mi ò ní dárúkọ ìlú wa, torí àwọn èèyàn ibẹ̀ mọ ẹjọ́ í rò ju lọ́yà lọ. Ó sáà wà ní apá Ìkọ̀lé, lójú ọ̀nà tí èèyàn ń gbà lọ sí Ìpáò, ẹni tó bá sì ti mọ̀ ọ́n, kó pa ẹnu mọ́. Nígbà tí àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba lé alágbádá lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, tí gbogbo wa ń retí oore.

Oore tiwa dé lóòótọ́. Àárín ìlú wa ti kú tipẹ́. Àwọn ilé alámọ̀ tó yí ọjà ká ń wó lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ onílé wà ní Èkó, ewúrẹ́ ló ń sùn ní pálọ̀ wọn. Àwọn tó ṣì ń tajà níbẹ̀ kò tó ogún, ìyá mi sì wà lára wọn. Igun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríta ni tirẹ̀. Kí wọ́n tó bí mi ló ti ń ta iṣu níbẹ̀, àárín iṣu yẹn ni mo sì ti rá kòrò.

Ìjọba ní àwọn fẹ́ sọ àárín ìlú di ọ̀tun. Wọ́n kó katapílà wá, wọ́n fẹ títì, wọ́n la gọ́tà, wọ́n ri òpó iná mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ ṣọ́ọ̀bù sẹ́yìn ọjà. Àwọn àgbà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Àmọ́ àwọn tó mọ èèyàn ló gba ṣọ́ọ̀bù, ìyá mi kò sì mọ ẹnì kankan ju èmi lọ. Igun tirẹ̀ ni wọ́n fi bíríkì yí ká, wọ́n da ilẹ̀ dúdú àti ìgbẹ́ adìyẹ sínú rẹ̀, wọ́n ní òdòdó ni yóò wà níbẹ̀.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ ayé: èmi ni wọ́n gbà pé kí n máa tọ́jú òdòdó náà. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti jáde ilé ìwé olùkọ́ni, tí mò ń jókòó nílé tí mò ń bá ìyá mi jẹ iṣu rẹ̀. Wọ́n fún mi ní kákí àti ìgbálẹ̀, wọ́n ní kí n máa lé ewúrẹ́ kúrò, kí n sì máa lé ẹnikẹ́ni tó bá pàtẹ ọjà sójú títì. Ọ̀gá mi, ọkùnrin kúkúrú kan láti ọ́fíìsì ìjọba, sọ fún mi pé bí ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí iṣẹ́ náà bá lọ dáadáa, èmi náà á gba lẹ́tà òṣìṣẹ́ pátápátá. Bí kò bá lọ dáadáa, kí n dá kákí padà. Mo fẹ́ lẹ́tà yẹn ju bí mo ṣe fẹ́ ọkọ lọ, bẹ́ẹ̀ mo sì fẹ́ ọkọ gan-an.

Nǹkan kan ṣoṣo ló kù. Òdòdó kò dé. Lọ́sẹ̀ yìí wọ́n á ní ó ń bọ̀, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e wọ́n á tún ní ó ti ń bọ̀. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ilẹ̀ dúdú náà wà níbẹ̀ lásán, ó ń dán. Ìyá mi ń kọjá lójoojúmọ́, ó ń wò ó bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń wo ọbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo débi iṣẹ́, ebè iṣu mọ́kàndínlógún ló pàdé mi.

Mo sáré padà sílé. "Ìyá, ta ló kọ ebè sí ilẹ̀ ìjọba?"

"Èmi ni," ó ní, kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára ẹ̀gẹ́ tó ń bó. "Ṣé òdòdó ni wọ́n ń jẹ ní ulé baba rẹ? Wọ́n lé mi níbi tí mo ti ń ta uṣu, mo wá gbìn ín síbẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Iṣẹ́ mi wá ńkọ́?"

"Uṣẹ́ rẹ rèé. Wọ́n ní kí o tọ́jú ohun tó bá hù níbẹ̀. Tọ́jú ẹ̀."

Inú bí mi débi pé mi ò jẹ iṣu rẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Síbẹ̀ mi ò hú èbù rẹ̀. Mò ń tan ara mi pé òdòdó á dé, àwọn tó kó o wá á sì hú iṣu fúnra wọn. Òdòdó kò dé. Iṣu dé ní tirẹ̀. Ó hù, ó yọ ìtàkùn, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ọ̀pá, ló bá gun òpó iná ìjọba.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n ṣí iṣẹ́ nígbà tí ọ̀gá mi dé. Ó dúró, ó ń wo ewé iṣu lókè lọ́hùn-ún. Ọmọ Èkìtì lòun náà, kò lè bi mí pé kí nìyí. Ó ní kí àwọn lébìrà wá wú u dànù. Lébìrà mẹ́rin wá, wọ́n rí ohun tó wà nílẹ̀, wọ́n jókòó lé ọkọ́ wọn. Ìlú wa kò tíì ṣọdún ìjẹṣu, kí wọ́n tó ṣe é, ẹnikẹ́ni kì í ti ọkọ́ bọ ebè iṣu láàrin ìlú. Ọ̀kan nínú wọn máa ń wàásù nínú mọ́tò, ọ̀gá mi sì rò pé ìyẹn kò ní kọ̀. Oníwàásù náà ní òun kò bẹ̀rù òrìṣà kankan, àmọ́ ìlú yìí ni ìyá ìyàwó òun ń gbé.

Ọ̀gá mi bá na ọkọ́ sí mi. "Ìwọ, wú u."

Mo gba ọkọ́. Ìyá mi dúró lódìkejì títì, ó kọ́wọ́ sẹ́yìn, ó ń wò mí. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá ti wú u. Ẹnu mi ni mo kàn gbọ́ tó ń sọ pé, "Sà, ẹ ò ṣe jẹ́ kó dúró? Kí n kun bíríkì lẹ́fun, kí n so rìbọ́ǹ mọ́ ìtàkùn ẹ̀. Àwọn tó ń bọ̀ láti Adó á rò pé ẹ̀yin lẹ pète ẹ̀."

Ó ronú díẹ̀. Òdòdó rẹ̀ kò dájú, ọjọ́ dájú. "Ó kù sí ọ lọ́wọ́," ó ní. "Orí ìtàkùn yẹn ni lẹ́tà rẹ wà."

Ọjọ́ pé. Èèyàn ńlá kan wá láti Adó pẹ̀lú mọ́tò mẹ́jọ. Ó gé rìbọ́ǹ, ó tan iná, òpó kan kọ̀ kò tàn, ó wá dúró síwájú iṣu ìyá mi. Ó fọwọ́ kan ewé rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi yẹ̀. Ó ní ìlú tó mọ ohun tó ń jẹ nìyí. Wọ́n ya fọ́tò, ọ̀gá mi sì ń gba ìyìn bí ẹni pé òun ló gé èbù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan lẹ́tà mi dé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìyá mi gbàdúrà lé e lórí, ó sì lọ ra ẹran.

A ṣọdún ìjẹṣu. Ìyá mi gún iyán, a jẹ ẹ́ títí oorun fi ń kùn wá. Mi ò bi í níbi tó ti rí iṣu, ta ló ń bi àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀? Lọ́jọ́ kẹrin ọ̀gá mi gbé píkọ́ọ̀pù dé pẹ̀lú àpò mẹ́wàá. Ó ní èèyàn ńlá ti ránṣẹ́, pé iṣu inú ọgbà ìjọba, iṣu ìjọba ni, kí wọ́n wà á wá sí Adó. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo máa fi lẹ́tà mi ṣe nìyẹn, kí n wa iṣu ìyá mi fún ẹlòmíràn.

Mo lọ sọ fún un. Ó ní, "Lọ wà á. Uṣẹ́ ni uṣẹ́ ń jẹ́." Ó dùn mí pé kò tilẹ̀ bínú.

Ìtàkùn ṣì tutù yọ̀yọ̀ lórí òpó. Mo rọra wa ebè àkọ́kọ́ kí n má baà ṣá iṣu. Orí iṣu nìkan ni mo bá, ibi tí ọ̀bẹ ti gé e ti gbẹ. Ebè kejì, bákan náà. Ẹ̀kẹta, bákan náà. Ìgbà yẹn ló yé mi. Bí àgbẹ̀ wa bá fẹ́ jẹ iṣu tuntun, wọ́n á tú ẹ̀gbẹ́ ebè, wọ́n á gé iṣu kúrò lábẹ́ orí rẹ̀, wọ́n á sì fi ilẹ̀ bo orí náà padà, kí ìtàkùn má kú, kó lè ta èbù fún ọdún tó ń bọ̀. Ìyá mi ti ṣe gbogbo mọ́kàndínlógún bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, nígbà tí gbogbo ìlú wà láàfin. Mo ti jẹ iṣu ìjọba yó.

"Iṣu dà?" ọ̀gá mi ní. Ó ti gbàgbé pé ọmọ àgbẹ̀ lòun.

Kí n tó dáhùn, ìyá mi sọdá títì, apẹ̀rẹ̀ iṣu wà lórí rẹ̀. Ó gbẹ́sẹ̀ ré bíríkì kọjá, ó sọ ẹrù kalẹ̀ sórí ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, ó ń tò wọ́n ní mẹ́ta mẹ́ta.

"Ẹ kú uṣẹ́ o, ọ̀gá," ó ní. "Mélòó ni kí n kó fún yín?"

Èmi ni ọ̀gá mi ń wò, ó ń dúró kí n ṣe iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ gbà mí, kí n lé e. Mo ju ọkọ́ sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀, mo bá ìyá mi to èyí tó kù nínú apẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbójú sókè.

"Ìyá ń bi yín, sà. Mélòó lẹ fẹ́ rà?"