Mo Kúnlẹ̀ Kí Ẹni Tí Mo Fẹ́ Bá Jà

Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń jáde lẹ́nu mi bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Orí sìmẹ́ńtì tí wọ́n ń sá kòkó sí l'Áládé la ti ń kọ́ kàrátè. Lónìí, tísà wa ní kí èmi àti Ìyá Tọ́pẹ́ jà. Ìyá Tọ́pẹ́ ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí. Wọ́n ní torí àwọn tó ń jí kòkó àwọn lóko làwọn ṣe wá kọ́ ọ.

Mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí wọn. Ṣé kí n máa wo àgbà lójú ni?

Orúnkún mi ò tíì kúrò nílẹ̀ tí tísà fi pariwo: "Ó yá! Ẹ ta á nípàá!"

Ìyá Tọ́pẹ́ ní, "Ọmọ náà ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ o."

"Ìjà ò mọ àgbà! Mo ní ẹ ta á nípàá!"

Gbàù! Ètè mi là. Mo fi ẹ̀yìn balẹ̀, orí mi lu sìmẹ́ńtì.

Ìyá Tọ́pẹ́ bú sẹ́kún: "Mo gbé! Mo ti pa ọmọ ọlọ́mọ!"

Tísà ńkọ́? Ó di ikùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Tísà tó yẹ kó ní ká dúró!

Mo dìde. Mi ò kí ẹnikẹ́ni. Ikùn tó dì mú yẹn gan-an ni mo ta nípàá. Ó ká jọ bí ọ̀kùn.

Nígbà tó rí èémí mí, ó ní: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí ni?!"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá a lóhùn. Ètè mi ti wú.